Yóò

Méjìlélọ́gọ́rùn-ún ni wọ́n nínú kíláàsì mi,
mẹ́rin lórí bẹ́ǹṣì tí a kàn fún ẹni méjì,
àwọn tó ṣẹ́ kù jókòó lórí búlọ́ọ̀kù
tí bàbá Sékínátù fi kẹ̀kẹ́ rù wá.
Páànù wa fò lọ lóṣù Ẹrẹ́nà.
A rí ọ̀kan nínú oko ẹ̀gẹ́ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́,
òmíràn ti di ilé adìẹ, a ò béèrè.

Lúsíẹ̀nì Ọ̀tẹ́gbèyè,
èmi pẹ̀lú rẹ la jọ fi ẹfun kan ṣoṣo kọ́ kíláàsì méjì rí,
a ṣẹ́ ẹ láàárín bí ẹni pín iṣu sísun.
Lọ́dún ìyanṣẹ́lódì, a jọ sùn sẹ́nu ọ̀nà bírò wọn,
gàrí abọ́ kan, ṣúgà hóró mẹ́ta,
ìwọ lo ní kí n mú méjì.
O búra lóru ọjọ́ náà.
Mi ò ní dárúkọ ẹni tí o fi búra;
ó ṣì ń ta àkàrà ní Ìlárá.

Láti agogo méje la ti to àwọn ọmọ sínú oòrùn,
kákí wọn rẹ gbindin fún òógùn.
Ṣàbí kékeré ṣubú, a gbé e sábẹ́ máńgòrò.
Agogo kan ti kọjá ká tó gbọ́ fèrè mọ́tò yín
láti ọ̀nà Àkábà.

O ní orúlé yóò dé.
O ní kànga yóò wà, omi inú rẹ̀ yóò mọ́.
Owó oṣù yóò pé, yóò sì máa tètè wọlé,
àwa olùkọ́ olóṣù-mẹ́sàn-án yóò di ti ìjọba.
Mo ń kà á lórí ìka.
Nígbà tó di mọ́kànlélógún, mo jáwọ́.

Iṣẹ́ mi ni, Lúsíẹ̀nì. Iṣẹ́ tìrẹ náà ni tẹ́lẹ̀.
Àwa la ń kọ́ wọn pé nínú èdè Faransé
ìrù ọ̀rọ̀ la fi ń dá ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ mọ̀.
Tiwa kò ní ìrù. Iwájú ni tiwa ń rìn,
bí àwọn géńdé tó ń lé èèyàn kúrò lọ́nà fún mọ́tò rẹ.

Ogún ìwé ìkọ̀wé lo pín,
ojú rẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Ọgọ́rùn-ún ọmọ ó lé méjì.
O ò bi mí bí mo ṣe máa pín in.

Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi ń jẹ́ mẹ́tírì.
Oṣù mẹ́ta tó kù, mo ń fi alùpùpù
gbé bàbá àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ sọ́jà.
Wọn kì í ná mi.
Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Nígbà tí eruku yín rọlẹ̀, mo kọ ọ́ sójú pátákó: YÓÒ.
Mo ní kí wọ́n fi ṣe gbólóhùn.
Sékínátù tí kì í sọ̀rọ̀ nawọ́ sókè,
ó dìde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu lẹ́tà tó kẹ́yìn.
"Mẹ́tírì, ó ku YÓ."
Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ìkòkò kàntíìnì
ti tutù láti ọjọ́ Ajé tó kọjá.
"Ò tí mo pa rẹ́ yìí," ó ní,
"ṣebí òun náà ló wà nínú a ò rí, a ò jẹ?"

Mi ò rí ìdáhùn fún un.
Òjò ti ṣú dúdú lápá Ìmẹ̀kọ,
atẹ́gùn ń ṣí ìwé ọwọ́ wọn ní ewé-ewé.
Mo ní, "Ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé kó tó dé.
Lọ́la a ó padà sí ẹ̀kọ́ yìí, yóò yé yín."

Ó ti bọ́ lẹ́nu mi.
Gbogbo wọn sáré jáde,
àfi Sékínátù tó dúró lẹ́nu ọ̀nà,
tó ń wò mí,
tó rọra ká ìka kan.